Òòyà Kan, Ìṣẹ́jú Méjì

Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi sáré ní Ọjà Ọba n'Ìbàdàn ni mo mọ̀ pé kámẹ́rà lè pààyàn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wá nígbà náà, àwa márùn-ún. Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún wa kò pọ̀: kí a ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù amí kan, ìṣẹ́jú méjì gbáko, kí orúkọ fíìmù náà àti orúkọ àwa tí a ṣe é sì jáde nínú rẹ̀. A ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn oníke kan, awò dúdú kan, kóòtù tí a yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹnìkan. Ọ̀kan á máa sá, èkejì á máa lé e. Orí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó ni a fi kámẹ́rà pamọ́ sí, kí àwọn èèyàn má baà máa wo ojú rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe ki eré mọ́lẹ̀ báyìí, "Olè! Olè!" ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kí a tó sọ̀kalẹ̀ débẹ̀, wọ́n ti fa kóòtù ya. Ìbọn oníke ti já bọ́ lápò, ìyẹn ló sì tún dá kún ọ̀rọ̀. Ìyá aláta kan ló fi ara rẹ̀ bò ó, tó ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ tẹnu rẹ̀. Káàdì ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀. Orí ló yọ wá. Nígbà tí a délé, tí a wo ohun tí kámẹ́rà gbà, ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀.

N kò dá àwọn ọlọ́jà lẹ́bi rí. Ẹni tí kò mọ̀ pé eré ni, kí ni kó ṣe? Àwa la gbé àṣírí sí ibi tí kò yẹ. Àárín àwọn tó wà nínú eré ló yẹ kí àṣírí wà, àwa sì lọ fi í sáàárín ara wa àti gbogbo ọjà.

Ó ti pẹ́ báyìí tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ fíìmù. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà jù, níbi tí a ti ń gé àwòrán, tí a sì ń tò ó mọ́ra. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé apá ibo ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, ìwé ni n ó sọ. Ìwé àjákọ kan, pẹ́ńsù, rọ́bà tí a fi ń pa á rẹ́, àti èèyàn mẹ́rin márùn-ún tó ń jiyàn nígbà tí kámẹ́rà ṣì wà nínú àpò. Fíìmù amí ló fi ìfẹ́ yìí sí mi lára. Fíìmù olólùfẹ́ lè fi ojú arẹwà gba ara rẹ̀ là. Ti aláwàdà, ẹ̀rín lè bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti amí kò ní nǹkan mìíràn tó lè tà ju ìmọ̀ lọ: ta ló mọ̀, ta ni kò mọ̀, ìgbà wo sì ni òǹwòran yóò mọ̀?

Olùdarí fíìmù Alfred Hitchcock ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún akẹgbẹ́ rẹ̀ François Truffaut nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn ní 1962, lọ́nà tí yóò fi yé ọmọdé. Èèyàn méjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì. Bí òǹwòran kò bá mọ̀ nípa bọ́ǹbù náà títí tó fi bú gbàmù, ìjayà ìṣẹ́jú-àáyá 15 ló rí gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi bọ́ǹbù hàn án, tó sì mọ ìgbà tí yóò bú, ọ̀rọ̀ aláìníláárí yẹn á gbé ọkàn rẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú 15. Òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ kígbe sí wọn pé kí wọ́n dìde.

Olùdarí mìíràn, Orson Welles, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1958, ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Touch of Evil. Ọwọ́ kan yí aago bọ́ǹbù, ó sọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kámẹ́rà sì ń bá ọkọ̀ náà lọ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láì gé e rárá. Agbo ewúrẹ́ dí ọkọ̀ lọ́nà, tọkọtaya kan ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara tiwa ni kò balẹ̀. Ní 1963, From Russia with Love gba ọ̀nà mìíràn. A rí James Bond nínú ọgbà lóru, apààyàn ń ṣọ́ ọ, ó sì fún un lọ́rùn pa lójú wa. Ìgbà tí wọ́n ṣí ìbòjú lójú òkú ni a rí i pé ẹlòmíràn ni: wọ́n ń fi kọ́ apààyàn náà níṣẹ́ ni. Ní ti Tinker Tailor Soldier Spy, tó jáde ní 2011, ilé kọfí kan ní Budapest ni. Ìbọn kò tíì dún, ṣùgbọ́n òógùn ń kán lójú agbáwo. Òógùn yẹn ló sọ fún wa pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìròyìn ayọ̀ lèyí fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, nítorí òógùn kì í náni ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn wàhálà Ọjà Ọba, nígbà tí àwa márùn-ún wá jókòó sídìí ìwé, ọ̀kan nínú wa bèèrè pé níbo la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, amí. A ní inú Bíbélì ni, àwọn méjì tí Jóṣúà rán lọ sí Jẹ́ríkò. Ó ní, "Kí ni Ráhábù so mọ́ fèrèsé?" Okùn pupa ni. Ẹni tó bá gba ìdí ògiri kọjá lè rí i, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nìkan ló kà á. Kò ní láti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Àrokò nìyẹn.

Àwọn baba wa ń fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ pé ọkàn mi fà sí ọ, wọ́n ń fi mẹ́jọ dáhùn pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí wọ́n bá fi òòyà ránṣẹ́ sí ọ, ìyapa dé. Ẹni tó gbé e wá sì lè má mọ ohun tí òun rù. Iṣẹ́ amí wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Láti 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Lápàdé àti Tàfá Ìgìrìpá hàn wá nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, pé èèyàn lè tọpa ọ̀daràn nílẹ̀ wa níhìn-ín láì ya kóòtù ẹnikẹ́ni wọ̀.

Bí ìtàn wa ṣe di tuntun nìyẹn. Ìyá kan ń ta òòyà lọ́jà. Ó wé òwú dúdú mọ́ ọ̀kan. Ọkùnrin onífìlà funfun wá rà á. Ọkùnrin mìíràn ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Mo fa ìlà sójú ìwé, mo pín in sí mẹ́rin. Ìyá olóòyà: ó mọ̀ pé òwú wà lára òòyà, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Amí: ó mọ ìtumọ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ: ó mọ amí, kò rí òwú. Òǹwòran: ó rí òwú, ó rí ẹni tó ń ṣọ́ni, kò mọ ohun tí òòyà wí. Ẹ wò ó bí kò ṣe sí ẹnì kan tó mọ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà pé a ní fíìmù.

Èyí tó kù di ìṣirò. Ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú-àáyá 120 ni. Ṣọ́ọ̀tì 34, ìyẹn àwòrán tí kámẹ́rà gbà lẹ́ẹ̀kan láì gé e, la kọ́kọ́ kọ, a gé e títí ó fi ku 28, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin gbà. A ya gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kéékèèké lórí bébà. Kò sí ẹni tó mọ àwòrán yà nínú wa, èèyàn wa rí bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n igi ìṣáná náà ló kọ́ wa ní ohun tí ẹnu kò lè kọ́ wa. Bí àpẹẹrẹ, bí amí bá ń ti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún nínú àwòrán, ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ máa ti òsì lọ sí ọ̀tún pẹ̀lú. Bí kámẹ́rà bá ṣèèṣì sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì wọn, ọ̀tún ni yóò ti máa bọ̀. Òǹwòran á sì rò pé àwọn méjèèjì fẹ́ pàdé ni. Bébà ni a ti rí àṣìṣe yìí, kò jẹ wá ju kí a pa ìlà kan rẹ́. Ká ní ìdí kọ̀ǹpútà la ti rí i ni, odidi ọjọ́ kan ni ì bá jẹ wá.

A kọ ọ́ síbẹ̀ pé láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni a ó ṣiṣẹ́, kí òjìji má baà yí padà láàárín ṣọ́ọ̀tì méjì tó yẹ kó tẹ̀lé ara wọn. A fi ojú ọ̀run sílẹ̀ lófìfo lókè àwọn páànù tó ti dógùn-ún, níbi tí orúkọ wa yóò jókòó sí. A kọ ọ́ pé kí a gba ariwo ọjà lásán fún ìṣẹ́jú kan, kí a lè tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. A sì fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ gbólóhùn yìí: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌ́DỌ̀ SÁRÉ.

Ìparí rẹ̀ ló fa àríyànjiyàn. Amí gba òòyà, ojú rẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dúró. Ó yọ síìmù inú fóònù rẹ̀, ó jù ú sí gọ́tà, ó rìn lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ dé ìdí àtẹ, òun náà ra òòyà kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkankan. Ó fi ya irùngbọ̀n rẹ̀. Orúkọ fíìmù jáde: ÒÒYÀ. Àwọn mẹ́ta nínú wa ní òǹwòran kò ní mọ ohun tí òòyà náà wí, nítorí náà ni a fi kọ ṣọ́ọ̀tì 27: bébà pélébé kan tí wọ́n kọ "a ti yà" sí, lọ́wọ́ amí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a ya fíìmù náà, a lọ kí Ìyálọ́jà.

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá sáré níjọsí?"

A dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọmọ kan mú wa lọ sọ́dọ̀ màmá tó ń ta òòyà onígi. A ò sọ ìtàn fún màmá yìí rárá. A kàn na òòyà àti òwú dúdú sí i, a ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wé e mọ́ ọn, kí ẹ fún ọkùnrin onífìlà funfun tó ń bọ̀ lọ́tùúnla. Ó gbà á, ó wò ó, ó gbójú sókè wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta lẹ fẹ́ bá yà?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo jókòó sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀, mo ṣí ìwé. Mo fa igi lé ṣọ́ọ̀tì 27 lórí. Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ewé tí mo pín sí mẹ́rin, mo mú rọ́bà, mo pa "kò mọ" iwájú orúkọ Ìyá olóòyà rẹ́, mo kọ "ó mọ̀" dípò rẹ̀. Ojú tó fi wò wá yẹn la bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wo onífìlà funfun.

Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ san owó òòyà òun ná.