Àmì Tí Wọ́n Gé Sọnù: Ọ̀rọ̀ Lórí Etí Àwòrán àti Ìwọ̀n Àkọlé

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi orí kan nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọmọ tó ń bójú tó ránṣẹ́ sí mi ní Amuro níbí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi ojú àgbà wò ó.” Ojú àgbà náà kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, mi ò sì lè ka iṣẹ́ gígùn lórí fóònù. Mo ní kí ọmọ àbúrò mi tó ń lọ sí Kàbbà bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ó gbé e dé nírọ̀lẹ́. Mo kà á dé ìdajì, inú mi dùn: ọmọ náà gbọ́ èdè, ó sì mọ ohun tó ń wá. Ìgbà tí mo dé orí àwòrán kẹta ni mo dúró.

Àwòrán náà jẹ́ gíráàfù ohùn. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ kan tí bàbá àgbàlagbà kan pè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, bí ọmọ náà ṣe tò wọ́n sínú àlàyé rẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ohun tí a fi ń kọ ebè, ohun tí a ń wọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, àti ohun tí jagunjagun ń jù. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rí lábẹ́ gíráàfù náà? Oko, oko, oko, oko. Etí ìsàlẹ̀ àwòrán ti gé gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà dànù, lẹ́tà sì kéré débi pé àmì ohùn orí wọn dà bí eruku tó bà lé ìwé. Mo nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Oko tí mo sì ń kà yìí náà lè jẹ́ ibi tí a ti ń gbin iṣu, ó lè jẹ́ ohun tí a fi ń ju ẹyẹ, ó tún lè jẹ́ ọ̀kan tí mi ò ní kọ síbí nítorí àwọn ọmọdé.

Àwọn kan máa sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Àwòrán ni ìmọ̀ ohùn èdè wa fi ń jẹ́rìí. Ayọ̀ Bamgbose ti to ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún wa nínú gírámà tó tẹ̀ jáde ní 1966, etí ni a sì fi ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí Connell àti Ladd kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé àtìgbàdégbà Phonology ní 1990, tí Yétúndé Láníran ṣe àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní 1992, tí òun àti Clements sì tún padà sí i nínú Journal of Phonetics ní 2003, wíwọn ni wọ́n wọn ohùn náà: iye ìgbà tí tán-án-ná ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá sọ pé ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gun òkè bọ̀ ni, bí i ti “ìwé,” tàbí pé ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé ohùn òkè máa ń yọ̀ wálẹ̀ ni, etí òǹkàwé lè má gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ yóò gbà á bó bá rí ìlà náà, tó sì rí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà náà.

Èdè Yorùbá àjùmọ̀lò ni iṣẹ́ Láníran àti Clements dá lé. Tiwa ńkọ́? Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, àti ti àwa ará Amuro níbí, ó ṣì ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n. Bàbá tí ọmọ yìí gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwòrán yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni yóò máa wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń pe “ọkọ́.” Àwòrán ọ̀hún wá kọ “oko.”

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù. Ó tọrọ àforíjì kí n tó sọ̀rọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ èmi kò bínú, mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni. Ó ní òun fi R yà á, ètò kọ̀ǹpútà sì kọ́kọ́ yarí, ó ní “figure margins too large.” Ó béèrè lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó kọ par(mar = c(1, 1, 1, 1)). Ó kọ ọ́, àwòrán sì jáde. Òun náà kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́.

Mo ti rí ìmọ̀ràn yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò sì rí èyí tó burú tó o. Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni àyè tí R ń fi sílẹ̀ ní etí àwòrán: ìsàlẹ̀, òsì, òkè, ọ̀tún, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn nìyẹn, ìlà ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ohun tó wà níbẹ̀ ni 5.1, 4.1, 4.1, 2.1. Ìlà márùn-ún ní ìsàlẹ̀ kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ gíráàfù ń jókòó sí, àti àkọlé tó ń sọ ohun tí wọ́n dúró fún. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlà kan, níbo ni kí wọ́n jókòó sí? Wọ́n á bọ́ síta, a ó sì gé wọn. Ohun tí R ń sọ ni pé fèrèsé tí òun ń yà á sí kéré ju etí tí wọ́n ní kí òun fi sílẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a fẹ fèrèsé náà, tàbí kí a ya àwòrán tààrà sínú fáìlì tí a ti sọ ìwọ̀n rẹ̀. Téélọ̀ tí aṣọ kò tó fún kì í gé ìṣẹ́tí kúrò kó lè dọ́gba, òun náà mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló máa tú.

Ti ìwọ̀n lẹ́tà ńkọ́? Ìṣirò kékeré ni, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í ṣe é. Ọmọ náà ya àwòrán tó fẹ̀ ní íńṣì 12, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ póíńtì 10. Ó dára lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìwé A4 fẹ̀ ní íńṣì 8.27. Ẹ yọ 1.5 ní òsì fún ìdìwé, ẹ yọ 1 ní ọ̀tún, ó ku 5.77. Nígbà tó fún àwòrán náà pọ̀ kó lè wọ ibẹ̀, lẹ́tà fún pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ìlọ́po 10 àti 5.77, kí a pín in sí 12, kò tó 5. Kò sí àmì ohùn tó lè yè ní póíńtì 5. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lè farada á, tiwa kò lè ṣe é, torí pé ìdajì ọ̀rọ̀ wa wà lókè àti lábẹ́ lẹ́tà. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí àwòrán yóò ṣe fẹ̀ tó lórí ìwé, kí ẹ yà á ní ìwọ̀n yẹn gan-an, kí ẹ má sì fún un, kí ẹ má fà á.

Àwọn tó ń lo Matplotlib, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín. Tí àkọlé bá ti gé, ẹ̀ ń kọ bbox_inches='tight', ẹ sì gbàgbé. Lóòótọ́ ó ń gba ohun tó fẹ́ bọ́ síta padà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwòrán ló ń yí padà láti fi ṣe é. Íńṣì 6.4 sí 4.8 tí ẹ rò pé ẹ ní kì í ṣe òun mọ́, àwòrán mẹ́ta nínú orí kan á wá ní ìwọ̀n lẹ́tà mẹ́ta. Constrained layout sàn jù lójú tèmi: ìwọ̀n àwòrán dúró, gíráàfù inú rẹ̀ ló ń sún fún àkọlé.

Mo ti ń bá ọmọdé wí, ó yẹ kí n bá àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà wí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni pdf() inú R fi ń rí ọ tí kò mọ̀ ọ́n, tó sì ń fi àmì ìdánudúró mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Mo rántí gíráàfù kan tí wọ́n gbé wá fún mi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì k láàárín àmì bíńtín mẹ́fà. Ọkọ ni wọ́n ní ó jẹ́. Cairo_pdf ló yanjú rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ló sì ń lò ó. Kí Matplotlib tó dé ẹ̀yà 2.0 ní 2017, Bitstream Vera ni fọ́ǹtì tó ń bá a wá, kò sì ní ọ tàbí ẹ nínú. DejaVu tó gbapò rẹ̀ ní wọn. Kódà báyìí, ọ́ kò ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode: ọ ni, pẹ̀lú àmì òkè tí a gbé lé e lórí, àwọn ètò kan sì ń gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi sí wa, wọn kò kàn rántí wa ni, àbájáde rẹ̀ lórí ìwé sì kò yàtọ̀.

Nígbà tí inú ń bí mi sí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ Du Bois ni mo máa ń padà lọ wò. Fún Àfihàn Àgbáyé ní Paris ní 1900, òun àti àwọn ọmọ Yunifásítì Atlanta fi ọwọ́ ya ọ̀pọ̀ àwòrán nípa ìgbésí ayé àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà. Wọ́n wà ní Library of Congress, ẹ lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan fi hàn ibi tí àwọn èèyàn dúdú Georgia ń gbé ní 1890: 78,139 ní ìlú ńlá, 734,952 ní ìgbèríko. Ìlà ìgbèríko gùn ju ìwé lọ. Ẹni mìíràn ì bá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ìlà ìlú di ìkékúrú tí a kò lè rí. Wọ́n ká ìlà pupa náà bí ìkarahun ìgbín títí ó fi wọ inú ìwé, nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn gbangba. Èmi ò fẹ́ràn bí ó ṣe mú kó ṣòro láti fi gígùn kan wé èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìwé ní etí, wọ́n sì ro etí náà kí wọ́n tó gbé kálàmù.

Àṣìṣe kan tún kù nínú àwòrán kẹta yìí. Ọmọ náà fi ìwọ̀n ohùn sílẹ̀ láti 75 dé 500, torí pé ibẹ̀ ni Praat fi sílẹ̀ fún un. Ohùn bàbá náà kò kọjá 200. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ dì mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, òkè wá ṣófo bí pápá lẹ́yìn ìkórè. Àyè pọ̀ nínú ilé, ó sì lọ ń fi ọ̀rọ̀ sí ìta.

Ó tún un ṣe. Ó fi ránṣẹ́ lánàá: íńṣì 5.77, lẹ́tà póíńtì 9, ohùn láti 80 dé 200, etí ìsàlẹ̀ tó tó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní Kàbbà. Mo jókòó sórí àga mi, mo ka ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ láìnù ún. Ẹyọ kan ló kù: àmì orí ọ tó kẹ́yìn nínú “ọ̀kọ̀” ti kan ìlà ìsàlẹ̀ gíráàfù. Mo ti ní kó fà á wálẹ̀ díẹ̀.