Ẹsẹ̀ Tó Mọ Àsìkò

"Kóòṣì, kí ló dé tó fi kọ́kọ́ jáde? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni wọ́n máa ń yà sílẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní eré kẹ̀kẹ́ ló bi mí bẹ́ẹ̀. Etí títì la wà, òógùn àárọ̀ kò tíì gbẹ lára wa, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìparí ìpele kẹwàá Giro d'Italia ọdún 2022, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Ítálì, tán lórí fóònù mi. Ọmọ náà kò ṣàṣìṣe, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n Biniam Girmay ló kọ́kọ́ jáde sáré síwájú àwọn yòókù lọ́jọ́ náà, òun náà ló sì borí. Ọmọ Eritrea ni, ọmọ ọdún 22 nígbà náà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ sì nìyẹn nínú ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ni ohun tó ṣe yẹn, ó sì wù mí kí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ eré rí náà mọ bó ti dára tó.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wa. Bí ènìyàn bá ń dá sáré lórí títì tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lúgọ sẹ́yìn ara wa. Táyà iwájú mi á súnmọ́ táyà ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú débi pé àtẹ́lẹwọ́ kan ni yóò gba àárín wọn. N kò ní wo táyà yẹn o. Ìbàdí rẹ̀ ni mò ń wò, torí ìbàdí ló máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹsẹ̀ fẹ́ ṣe. Ìka méjì á wà lórí bíréèkì láì tẹ̀ ẹ́. Etí mi á wà lọ́dọ̀ ṣéènì: bó bá dún "kà", tó bọ́ sórí jíà líle, ẹnìkan ti fẹ́ fò jáde nìyẹn. Bí ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíràn bá sì ń gbá tèmi, mi ò gbọdọ̀ mira. Ẹni tó bá yára jáde, òun ló ń la afẹ́fẹ́ fún gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ọ̀nà á tán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jí.

Asmara ni wọ́n bí Girmay sí ní ọdún 2000, ìlú orí òkè tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 2,300 mítà. Àwọn ará Ítálì tó jọba lé àwọn ará Eritrea lórí ló gbé kẹ̀kẹ́ débẹ̀, wọ́n sì sá Giro d'Eritrea àkọ́kọ́ ní 1946. Lónìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ni eré náà. Ní 2015, ọmọ ilẹ̀ wọn, Daniel Teklehaimanot, wọ aṣọ funfun oníkókó pupa ní Tour de France, aṣọ ẹni tó mọ òkè gùn jù. Girmay wá lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ibùdó UCI, àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ní Aigle, ní Switzerland. Ní oṣù Kẹta 2022, ó gba ìdíje Gent–Wevelgem ní Belgium, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi dé Giro lóṣù Karùn-ún, gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀.

Ìpele 21 ni Giro náà, ó lé ní 3,400 kìlómítà. Wọ́n ní àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní gan-an ni ọmọ yìí ti gbé e. Ní Visegrád, ní Hungary, níbi tí ọ̀nà ti gun òkè dé orí ìlà ìparí, gbajúgbajà asáré, Mathieu van der Poel, ló borí, Girmay sì ṣe ipò kejì. Àwọn kan káàánú rẹ̀. Èmi rò pé ọjọ́ yẹn ló wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, wọ́n sá 196 kìlómítà láti Pescara sí Jesi. Àwọn òkè kéékèèké tó wà lọ́nà já àwọn asáré ńlá-ńlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ Girmay kò jẹ́ kó jìnnà sí àwọn tó wà níwájú. Bí a bá rọra pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀: mo dá fídíò dúró fún àwọn ọmọ mi. "Ẹ wo ilẹ̀," ni mo wí. Ọ̀nà tó wọ ìlú náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti ń gòkè, eré á dínkù, afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀, èrè ẹni tó lúgọ náà á sì kéré. Òfin tí mo kọ́ wọn, ti ilẹ̀ títẹ́jú ni. Girmay ka ilẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jáde. Van der Poel yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èjìká mọ́ èjìká, kẹ̀kẹ́ méjèèjì ń jó sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ni Van der Poel jókòó padà, tó na àtàǹpàkò sókè sí i. Nínú iṣẹ́ wa, kò sí oríkì tó ju ìyẹn lọ. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan láti Áfíríkà kò tíì gba ìpele kan rí nínú àwọn ìdíje ńlá ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà.

Orí pèpéle ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà ni ìdérí ìgò wáìnì ti fò ba ojú Girmay bó ṣe ń ṣí i, kò sì lè bá Giro lọ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ ohun tó ti mọ̀ kò bá ojú náà lọ: ní 2024 ó gba ìpele mẹ́ta ní Tour de France, ó sì gbé aṣọ aláwọ̀ ewé ti àwọn asáré lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì tí a wo fídíò náà, ọmọ tó bi mí léèrè kọ́kọ́ jáde lórí òkè tí a fi ń ṣe ìdánrawò. Ó yá jù, àwọn mẹ́ta yà á sílẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó padà fi ẹsẹ̀ rìn sísàlẹ̀ òkè, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù. Nígbà tó gòkè dé, ó ní, "Kóòṣì, igi máńgòrò yẹn ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí n ti jáde lọ́la, àbí?"