Lẹ́yìn Ọ̀bẹ, Ó Ku Lẹ́ǹsì

Dókítà tó mú ọ̀bẹ ni aráyé máa ń yìn. Oṣù Kejìlá ọdún 1905 ni Eduard Zirm pààrọ̀ kọ́níà fún ọkùnrin kan tí ẹfun ti jó lójú, nílùú Olomouc, òkìkí rẹ̀ sì ń kàn títí dòní. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ ta ló mọ orúkọ ẹni tó ń wọn lẹ́ǹsì fún irú ojú bẹ́ẹ̀ nígbà tí egbò bá jinná?

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú. Àárín rẹ̀ ò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Okùn náílọ́ọ̀nù tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n fi ń rán tuntun mọ́ etí èyí tó ṣẹ́kù. Bí okùn bá fún níhìn-ín ju tọ̀hún lọ, ara kọ́níà á sún jọ bí aṣọ tí télọ̀ fa òwú rẹ̀ jù. Ojú rẹ̀ á wá rí gbágungbàgun, ìmọ́lẹ̀ ò ní lè pàdé sójú kan, awò ojú lásán lè má ràn án.

Lẹ́ǹsì líle tó fẹ̀ ló kù. Èyí kò gbọdọ̀ fara kan kọ́níà rárá. Orí funfun ojú ló ń jókòó lé, omi iyọ̀ á sì kún àlàfo abẹ́ rẹ̀, á dí gbogbo kòtò ibẹ̀.

Ẹ wo ọwọ́ oníṣẹ́ tó ń wọn lẹ́ǹsì náà. Ó bu omi iyọ̀ kún lẹ́ǹsì dé etí, ó kán fluorescein, aró olómi ọsàn, sí i. Aláìsàn dorí kodò, oníṣẹ́ náà fi lẹ́ǹsì lé ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bíńtín bá há sábẹ́ rẹ̀, ó di àtúnṣe. Ó tan iná búlúù, aró náà tàn yòò ní àwọ̀ ewé. Ó wá sọ iná di tẹ́ẹ́rẹ́, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ó mọ bí lẹ́ǹsì ṣe nípọn tó, òun ló fi ń díwọ̀n omi abẹ́ rẹ̀. Ibi tí àwọ̀ ewé bá ti pòórá, lẹ́ǹsì ti ń kan kọ́níà nìyẹn. Kò sì ní gba ohun tó kọ́kọ́ rí gbọ́, torí lẹ́ǹsì máa ń rì díẹ̀ síi bí wákàtí ti ń lọ. Ó ní kí aláìsàn lọ jókòó ná. Nígbà tí aláìsàn padà dé, funfun ojú ni oníṣẹ́ náà tún ń wò: bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣì lábẹ́ etí lẹ́ǹsì, ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yẹn ni yóò ní kí àwọn tó ń ṣe lẹ́ǹsì gbé sókè.

Omi abẹ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Kọ́níà ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta ló fi ń mí, omi tó bá pọ̀ jù sì lè dí i lọ́nà. Bí afẹ́fẹ́ ò bá tó, ìyà á jẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tó ń fa omi kúrò; bí wọ́n bá sì kú, òmíràn kì í hù rọ́pò wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo lẹ́ǹsì yìí, bí ojú bá pọ́n, tàbí tí iná ń ta á, tàbí tó ń dùn yín, tàbí tí ìríran ń ṣú, ẹ yọ lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé ara ti ń kọ kọ́níà tuntun náà.