Ohùn Tí Ìwé Kò Kọ: Ìrètí Àwọn Òǹkàwé Iyanu Lórí Fíìmù

Nígbà tí wọ́n bá kéde pé ìwé ìtàn alàwòrán kan yóò di fíìmù, ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá yóò rí bí ó ṣe rí nínú ìwé. Fún Yorùbá tó ń gbé lẹ́yìn odi, ìbéèrè mìíràn wà tó wúwo ju èyí lọ: báwo ni yóò ṣe dún? Iyanu: Child of Wonder, tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan sì ya àwòrán rẹ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn kedere.

Èkó ni Okupe ti dàgbà kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 2002. Ilé-iṣẹ́ Dark Horse tẹ apá kìíní ìwé náà jáde ní 2021. Ìtàn ọmọbìnrin òrukàn kan ni, tí kò rántí ibi tó ti wá, tó sì ṣàdédé rí i pé agbára àràmàǹdà wà lára òun. Orúkọ Yorùbá ni àwọn ẹ̀dá ìtàn náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ wọ́n láìsí àmì ohùn. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtumọ̀ Ìyanu fún òǹkàwé; kò sọ bí a ṣe ń pè é.

Ẹni tó tọ́ ọmọ náà dàgbà ń jẹ́ Olori. Bí òǹkàwé bá gbé ohùn sókè lórí sílébù méjì tó gbẹ̀yìn, olórí ni, ẹni tó ń ṣíwájú. Bí ó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀, olorì ni, aya ọba. Àwòrán lè fi aṣọ, ojú àti ìdúró hàn, ṣùgbọ́n kò lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé rẹ̀ yóò rí ẹni bi. Èyí tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ní London tàbí ní Houston, yóò ka gbogbo rẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí ìrètí fíìmù fi jinlẹ̀: òṣèré kò lè dákẹ́ lórí ohun tí bébà dákẹ́ lé.

Nígbà tí ìtàn náà dé orí Cartoon Network gẹ́gẹ́ bí eré kátúùnù ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn òṣèré Nàìjíríà ni wọ́n fún un ní ohùn. Ìgbésẹ̀ tó yẹ fún ìyìn ni. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè eré náà, Gẹ̀ẹ́sì a sì máa fi ìró gbólóhùn tirẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lọ. Bí orúkọ Yorùbá bá bọ́ sí ìparí ìbéèrè, ìró Gẹ̀ẹ́sì a fẹ́ gbé e sókè. Aya ọba lè di olórí lẹ́nu ẹni tí kò ṣọ́ra. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń retí fíìmù yóò ti tẹ́tí sílẹ̀ jù.

Àwọn kan lè sọ pé ìwé ìròyìn Yorùbá pàápàá kì í sábà fi àmì sórí orúkọ ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn orúkọ wọ̀nyẹn ti wà létí òǹkàwé wọn kí ó tó ṣí ìwé. Àwọn mìíràn lè bẹ̀rù pé ohùn kan ṣoṣo tí fíìmù bá yàn yóò bo ti Ìjẹ̀bú àti ti Èkìtì mọ́lẹ̀. Àdánù gidi ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí àdánù ọmọ tí kò ní ohùn kankan láti fi pe orúkọ náà.

Nítorí náà, ẹwà ààfin àti iná agbára nìkan kọ́ ló yẹ kí a fi díwọ̀n fíìmù tó bá ti inú irú ìwé yìí jáde. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni bóyá ọmọ tó wò ó lè sọ ìtàn náà fún ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù, kí ìyá àgbà sì mọ̀ bóyá aya ọba ni tàbí olórí. Kí fíìmù bẹ́ẹ̀ tó dé, òbí tó ń bá ọmọ ka ìwé náà lè mú pẹ́ńsùlù, kí ó fi àmì sórí orúkọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kà á lọ.