Lẹ́tà Tí Mo Bá Wọn Tún Gẹ̀ẹ́sì Rẹ̀ Ṣe

 Ọ̀kan nínú yín, tó ti ní iléèwé aládàáni tirẹ̀ báyìí, fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo gẹ̀ẹ́sì rẹ̀." Ìlà mẹ́ta péré ni. Ó sọ fún olùkọ́ obìnrin kan pé iléèwé kò nílò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àti pé wọn yóò san owó oṣù kan fún un kó máa lọ. Mo yọ kọ́mà kan, mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan, mo ní ó ti dára.

Kò dára rárá. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣíwájú lẹ́tà. Olùkọ́ yìí ti béèrè ìdí tí owó oṣù àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà fi ju tirẹ̀ lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó sì fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tí lẹ́tà fi bá a.

Ẹ ó rántí ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ní kíláàsì: ìtumọ̀ kò sí nínú gbólóhùn nìkan. Ẹ wo ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, àti ìgbà tó sọ ọ́. Èmi tí mo kọ́ yín ni mo gbàgbé. Lẹ́tà yẹn kò sọ ìdí kankan, àmọ́ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ ti sọ ọ́. Ẹni tó bá kà á tẹ̀lé ìbéèrè owó oṣù, ẹ̀san ni yóò kà níbẹ̀.

Mo bi ọ̀gá iléèwé náà léèrè. Ó ní, "Prof, kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbí sà, Yorùbá ni gbogbo wa." Àwa onímọ̀ èdè náà jẹ̀bi nínú èyí. A ti fi ẹlẹ́yàmẹ̀yà túmọ̀ gbogbo ìyàsọ́tọ̀, ló bá di pé ẹ̀yà nìkan làwọn èèyàn ń wò. Bí wọ́n bá san owó tó kéré fún obìnrin nítorí pé obìnrin ni, wọn kò rí orúkọ pè é.

Mo wá lọ ka Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà. Lédè wa, òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n abala 91 yọ àwọn alákòóso àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe kúrò lára ẹni tí òfin ń pè ní wọ́kà. Olùkọ́ tó ní dìgírì lè ba ara rẹ̀ níta. Abala 16 ní kí wọ́kà tó ń ṣàìsàn, tó ní ìwé dókítà, gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún. Owó nìkan ló mẹ́nu bà. Ẹ wá wo abala 54, tó wà fún obìnrin tó bímọ. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ìsinmi, owó kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà, agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fún un níwèé ìdádúró nígbà tó bá wà ní ìsinmi. Òfin tó mọ bí a ṣe ń kọ "kò gbọdọ̀" fún ìyá ìkókó, kí ló dé tí yíǹkì rẹ̀ gbẹ nígbà tó kan aláìsàn? Abala 9 dáàbò bo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó dá béèrè ọ̀rọ̀ ńkọ́?

Lọ́yà iléèwé ní ẹni tó bá ti san owó ìkìlọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe ní 2010, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ láṣẹ láti wo ìwà àìtọ́ níbi iṣẹ́ àti ohun tí ayé ń ṣe. Àwọn adájọ́ kan níbẹ̀ ti ní ó yẹ kí ìdí tó múná dóko wà. Ẹ má fọkàn tán ìlà mẹ́ta.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Olùkọ́ yẹn ti gbọ́ odindi. Mo sọ fún ọ̀gá iléèwé pé kó gba lẹ́tà náà padà, kó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Tí ojú bá tì í láti kọ ọ́, a jẹ́ pé kò yẹ kó lé obìnrin náà nìyẹn. Ó ní òun máa rò ó. Mo ṣì ń retí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di agbanisíṣẹ́, mo ṣì lè bá yín wo gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.