Àbákẹ́ Nínú Ìwé Àtijọ́: Oríkì Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Nínú Ìtàn Ìgbésí Ayé Àgbẹ̀

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò léèrè pé kí ni oríkì, púpọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń yin ènìyàn ni. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú àròkọ yìí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ ìwádìí kan yẹ̀wò, èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fi tọpa ìgbésí ayé obìnrin àgbẹ̀ kan láti inú àwọn ìwé àtijọ́, kí a lè rí ibi tí agbára ìwé mọ, kí a sì rí ohun tí orúkọ kan ṣoṣo lè sọ fún ẹni tí ó gbọ́ èdè tí a fi sọ ọ́.

Matilda McCrear ni orúkọ tí ayé fi mọ obìnrin náà. Ní ọdún 2020 ni Hannah Durkin, òpìtàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *Slavery & Abolition*. Ó fi hàn níbẹ̀ pé Matilda, tí ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1940, ni ó kẹ́yìn láyé nínú àwọn tí a mọ̀ pé ọkọ̀ Clotilda kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ yìí gúnlẹ̀ sí agbègbè Mobile, ní Alabama, ní ọdún 1860, pẹ̀lú ènìyàn bí 110 nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilẹ̀ náà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀ láti ọdún 1808. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Ọdún 2019 ni a tó kéde pé a ti rí àwókù rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjì ni Matilda nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ní Alabama, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Creagh ra ìyá náà pẹ̀lú Matilda àti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ta àwọn ẹ̀gbọ́n méjì yòókù sí ibòmíràn, àwọn ẹbí kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1865, ìdílé náà kò ní ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko, wọ́n sì ń pín irè oko pẹ̀lú ẹni tí ó ni ilẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣe fi èyí wé ìṣákọ́lẹ̀ tiwa. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ní olúwa ni ìṣákọ́lẹ̀, kì í sábà gba oúnjẹ lẹ́nu àgbẹ̀. Ti Alabama a máa gba ìdajì irè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè irúgbìn àti oúnjẹ a sì tún gbé ìyókù.

Báwo ni a ṣe ń wá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé? Nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1860, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n kọ. Ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ orí àwọn ẹrú rẹ̀, bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo, àti àwọ̀ ara wọn, láìsí orúkọ. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1870 ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí a dá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ sẹ́yìn a máa dé ọdún 1870 wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́yìn náà a kan ògiri. Kì í ṣe pé akọ̀wé gbàgbé. Akọ̀wé kò wá orúkọ, iye ohun ìní ni ó ń kà. Bí àwa náà bá ṣí ìwé owó orí tàbí ìwé ìdájọ́ àtijọ́ ní ilé ìkówèésí àkọsílẹ̀ ìjọba ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: àgbẹ̀ kì í wọ inú ìwé àfi nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá mọ èyí ní ọdún 1918, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí di Ogun Àdùbí.

Matilda ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìwé. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó rin nǹkan bí máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma, ó ní kí wọ́n san gbà-máà-bínú fún òun nítorí jíjí tí wọ́n jí òun gbé. Wọn kò fún un ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ìlú náà fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, inú ìròyìn yìí sì ni Durkin ti rí púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀. Ibí yìí ni mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù lọ. Ó mọ̀ pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ ìròyìn náà fún, gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu, nítorí náà kò gbà á gbọ́ ní kíkún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ ọ́ nù. Ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìwé ìkànìyàn àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn, ó sì jẹ́ kí ọ̀kan máa bá èkejì wí.

Inú ìwádìí yìí ni a ti gbọ́ pé Àbákẹ́ ni orúkọ Matilda nílé. Òyìnbó tí ó bá kà á yóò rí orúkọ Áfíríkà kan, yóò sì kọjá. Ọmọ Yorùbá kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Àbákẹ́ kì í ṣe orúkọ àbísọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmútọ̀runwá. Orúkọ oríkì ni, irú èyí tí à ń fún ọmọbìnrin: ẹni tí a bá ni kẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ gba ènìyàn púpọ̀, nítorí ọwọ́ ẹnì kan kò lè jẹ́ orúkọ náà. Ó ń sọ fún wa pé agbo ilé kan wà, pé ìyá wà níbẹ̀, pé àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń bá ìyá kẹ́ ọmọ. Ohun kejì ni pé ọmọ ọdún méjì kò lè dá orúkọ ara rẹ̀ rántí fún àádọ́rin ọdún bí ẹnikẹ́ni kò bá ń pè é. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gracie, ẹni tí wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi kú, ni ó ní láti máa pè é bẹ́ẹ̀ nínú oko òwú. Lójú tèmi, ẹ̀rí tí ó lágbára jù nípa ìyá nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ọmọ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Àbákẹ́ ni a ní. A kò ní orílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ pé ọmọ Oníkòyí ni, tàbí ọmọ Ọ̀pómúléró, tàbí ọmọ Olúfẹ̀, à bá ti mọ ọ̀nà tí a ó gbà wá ilé rẹ̀. Wọ́n ní ilà wà ní ojú rẹ̀. Bí a bá rí àpèjúwe rẹ̀ ní kíkún, bóyá àbàjà ni, bóyá pélé ni, àwa náà ìbá ní ohun tí a ó bá òpìtàn sọ. Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè lè fi fáwẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sọ Àbẹ̀kẹ́ di Àbákẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́ yóò sì di ẹni tí a jọ ń kẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa ráhùn pé àmì ohùn ń dà wọ́n láàmú. N kò rí àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lọ láti fi dá wọn lóhùn.

Ẹnì kan wà tí ó mọ iyì orílẹ̀. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wọ ọkọ̀ Clotilda kan náà, ṣùgbọ́n ó ti di géńdé. Àròkọ tí Zora Neale Hurston kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1927 kò ṣe é gbé yangàn, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó dà kọ láti inú ìwé Emma Langdon Roche ti ọdún 1914 láìsọ bẹ́ẹ̀. Ó padà lọ, ó jókòó tì í, ó sì gbọ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni ó di *Barracoon*. Ilé ìtẹ̀wé ní kí ó yí èdè ẹnu bàbá náà padà. Ó kọ̀, ìwé náà kò sì jáde títí di ọdún 2018. Nínú rẹ̀, Hurston ń bèèrè ìtàn Kossola, Kossola sì ń sọ ti bàbá bàbá rẹ̀. Ara obìnrin náà kò kọ́kọ́ gbà á. Òǹkàwé Yorùbá kò ní yà lẹ́nu: bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ oríkì ẹni náà ni, a kì í ti orí ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí ó dàgbà kí wọ́n tó mú un ní ìtàn baba láti sọ. Ọmọ ọdún méjì ní ohùn ìyá nìkan.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tí wọ́n ń sọ pé ìwé Hurston ti tó, pé ìwádìí Durkin kàn ń fi orúkọ kún orúkọ ni. Ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ ni *Barracoon* gbọ́. Durkin wá ẹni tí wọn kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tí ó ti darúgbó. Ó tilẹ̀ kíyè sí ohun tí ìwé ìkànìyàn kankan kò ní àyè fún, pé títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni Àbákẹ́ ń di irun rẹ̀ bí àwọn Yorùbá ti ń dì í. Ta ni ó kọ́ ọ? Ó fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ kí irun orí rẹ̀ tó gùn tó èyí tí a lè dì dáadáa.