Ọgbọ́n àti Ìwà: Ọ̀ràn Dókítà House
Nínú House, eré orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà tí David Shore dá sílẹ̀, tí a ṣe láti 2004 títí di 2012, olú ẹ̀dá-ìtàn kì í ṣe ọmọlúàbí. Gregory House, tí Hugh Laurie ṣe, a máa mọ àrùn tó ta kókó fún àwọn dókítà yòókù. Ṣùgbọ́n oògùn apàrora ti di bárakú fún un, ó sì ń fi aláìsàn ṣẹ̀sín. Èrò àwọn kan ni pé ìmọ̀ rẹ̀ ti san gbèsè ìwà rẹ̀. A kò fara mọ́ èrò yìí. Bí a bá yẹ àhunpọ̀ ìtàn náà wò, a ó rí i pé House sábà máa ń ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó mọ àrùn náà. Aláìsàn ni ó sì ń jìyà àṣìṣe ọ̀hún. Ìwòsàn ìkẹyìn ni òǹkọ̀wé fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí eré náà ti sọ òótọ́ jù ni ìparí apá keje, ní 2011, nígbà tí House mọ̀ọ́mọ̀ wa mọ́tò wọ inú ilé Cuddy, ọ̀gá rẹ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Kò sí ìwòsàn tó lè bo ìyẹn. Ọgbọ́n tí kò ní ìwà, ẹni tó sún mọ́ ọn ni ó ń kọ́kọ́ ṣe léṣe.